Ọwọ́ mi kò gòkè: ọ̀rọ̀ lórí "International Graduate School and Seminary" tí wọ́n ní ká dá sílẹ̀

  Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò bá tó, kó fi í sílẹ̀ di òru, kó wá padà kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó máa fi ránṣẹ́ kiri pé "Pásítọ̀ ti sọ̀rọ̀ o".

Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni fóònù mi kò ti sinmi. Nínú ìpàdé àwọn pásítọ̀ agbègbè wa ni wọ́n ti gbé ètò kan kalẹ̀ pé ká dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, "International Graduate School and Seminary", tí yóò máa fúnni ní B.A., M.A. àti Ph.D., kó sì bẹ̀rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́ sókè. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Tèmi nìkan ni kò gòkè. Wọ́n tún un béèrè, bóyá mi ò gbọ́ dáadáa. Mo gbọ́.

Oríṣiríṣi ni mo ti gbọ́ láti ìgbà yẹn. Ẹnìkan ní ìlara ni, pé dípúlọ́mà péré ni Pásítọ̀ ní, kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé gba Ph.D. borí òun. Ẹlòmíì ní ayé àtijọ́ ló ń dà mí láàmú. Màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi gan-an wá pè mí ní aago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n ní, "Dádì, ṣé ẹ ò rí i pé gbogbo ìjọ ló ti ní yunifásítì, àwa nìkan ló kù?" Ìyẹn ló mú kí n jókòó kọ èyí. Ìbéèrè gidi ni màmá yẹn béèrè, ó yẹ kó rí ìdáhùn gidi, kì í ṣe ká máa pe ẹ̀mí ìlara mọ́ ara wa lórí Wóṣáàpù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ dípúlọ́mà kúrò lọ́nà. Òótọ́ ni, dípúlọ́mà ni mo ní. Ọdún mẹ́ta ni mo lò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ìyàwó mi ń ta gààrí nílé kí owó ilé-ìwé lè pé. Mo feèlì Gíríìkì lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kọ. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní ìtàn ìjọ kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ, á fi bírò pupa kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé "Ta ló sọ èyí, ìwọ àbí ìwé?" Nígbà tí mo parí, wọ́n fún mi ní ìwé kan tó pè mí ní ohun tí mo jẹ́ gan-an, kò fi nǹkan kan kún un. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn torí pé kò purọ́ mọ́ mi. Ó wà lára ògiri ní pálọ̀ mi, ẹni tó bá wá sílé mi á rí i.

Ó yá, ẹ wá wo ohun tí wọ́n gbé síwájú wa. Yàrá mẹ́ta ni ilé náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan, ibi tí àwọn ọmọ Sunday school ń lò tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ jẹ́ márùn-ún; nínú wọn, ẹnìkan ṣoṣo ló ní máàsítàs láti yunifásítì tí a mọ̀. Ìwé tí wọ́n kó jọ fún láíbùrárì, ojú mi ló rí i, kò kún páálí Indomie méjì, ìwé ìkéde ìpàdé ìsọjí ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú yàrá mẹ́ta yìí ni wọ́n ti fẹ́ máa fúnni ní Ph.D., ní Sátidé sí Sátidé, fún oṣù méjìdínlógún. Mo béèrè pé kí ló sọ ọ́ di international. Wọ́n ní arákùnrin kan tó wà ní Houston yóò máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí Zoom. Ẹ̀yin ará, bí Zoom bá ń sọ nǹkan di international, a jẹ́ pé ìpàdé àdúrà àwọn ìyá wa ní Ìpele ti di international láti ọjọ́ tó pẹ́, torí pé àwọn ọmọ wọn ń wọlé láti Kánádà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Owó rẹ̀ ń kọ́? ₦10,000 lórí àgbà kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ, ₦5,000 lórí ọ̀dọ́. Ta ni àgbà inú ìjọ? Bàbá tó ní kòkó sí apá Ọ̀sẹ̀, tí kò lè dá oko ara rẹ̀ lọ mọ́ láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn Àmọ̀tẹ́kùn bóyá ọ̀nà dára. Ìyá tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ìfọ́n wá sí ọjà l'Ọ́wọ̀, tó ń gba Ẹlẹ́gbẹ̀ka kọjá, ibi tí wọ́n ti pa Kábíyèsí Olúfọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn ọba l'Ákùrẹ́. Owó tí ẹni tó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá mú wá sílé Ọlọ́run, ó yẹ kí ọwọ́ wa máa gbọ̀n ká tó ná an. Olúwa wa fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó, tó wá di ẹni tí àwọn tó ń kọjá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lúùkù 14 ni, ẹ lọ kà á. Àwọn baba wa náà sì ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Wọ́n dá mi lóhùn pé a ti forúkọ sílẹ̀, pé ìwé CAC ti jáde. CAC tí wọ́n ń sọ, ti Àbújà ni o, àwọn tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ìjọ Àpọ́sítélì Kristi. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé ẹgbẹ́ kan wà, orúkọ rẹ̀ nìyí, àwọn alábòójútó rẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ alásọ-ẹbí tó bá fẹ́ lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti sọ ènìyàn di Dókítà. Àjọ NUC ló ń mójú tó yunifásítì ní orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì máa ń gbé orúkọ àwọn tí kò bófin mu jáde fún gbogbo ayé kà. Àwọn sẹ́mínárì tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣe ni wọ́n máa ń so ara wọn mọ́ yunifásítì tó ti fìdí múlẹ̀. Immanuel College ní Ìbàdàn, tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1958, abẹ́ University of Ibadan ni wọ́n gbé dìgírì tiwọn sí. Bí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì bá para pọ̀, tí wọ́n ṣì rẹ ara wọn sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ yunifásítì, àwa wo ni a fẹ́ fò kọjá wọn?

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, torí pé àwọn kan rò pé mo kórìíra kí ìjọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ká ní ìjọ kò ní ilé-ẹ̀kọ́, mélòó nínú wa ni ìbá mọ̀wé? Ní 1827 ni àwọn CMS dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní Freetown, ní Sàró. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, Àjàyí Crowther, ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni. International sì ni lóòótọ́, láì kọ ọ́ sórí pátákó. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ni níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ dìgírì tó wọ̀ ọ́? Ọdún 49. Ní 1876 ni wọ́n so ó mọ́ Yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Durham ló sì ń fúnni ní dìgírì fún àwọn tó bá yege. Odidi ọdún 49 ni wọ́n fi ń kọ́ olùkọ́ àti oníwàásù tí kò ní B.A., tí iṣẹ́ wọn sì ń sọ̀rọ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Gbogbo ẹni tó bá gba Ọ̀wọ̀ kọjá ló mọ orúkọ Bàbá Adékúnlé Ajásin. Olùkọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ayé wọn. St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba dìgírì, wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, wọ́n ti ń darí ilé-ìwé, àgbà ọkùnrin ni wọ́n. Wọ́n sì kó ẹrù wọn, wọ́n lọ jókòó sí Fourah Bay láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí wọn, wọ́n gba dìgírì ní 1946. Wọ́n tún kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Wọ́n padà wá sílé ní 1947, wọ́n di ọ̀gá Imade College níbí l'Ọ́wọ̀, wọ́n sì wà nídìí rẹ̀ títí di 1962. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá Owo High School sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Action Group mú lò, tó fi di pé ọmọ tálákà ní Ìwọ̀-Oòrùn wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1955. Bàbá mi àgbà kò mọ ọ̀hún kọ, bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wa tó ka "ABD", ọpẹ́lọpẹ́ ètò yẹn. Èso dìgírì tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn. Ẹ máa rántí pé àgbà ọkùnrin yẹn lè dúró sílé kó máa pe ara rẹ̀ ní ohun tó bá wù ú. Ta ni ìbá bi í?

Ti Ògbómọ̀ṣọ́ náà wà nílẹ̀. Ní 1898 ni àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ sẹ́mínárì wọn. Ó lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ dìgírì, abẹ́ sẹ́mínárì mìíràn tó ti dàgbà, ní Louisville ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì gbà á sí. Àwọn tó lówó, tó ní òyìnbó, tó ní ilẹ̀, ni mò ń sọ yìí. Àwa ní oṣù mẹ́ta.

Màmá mi tí ẹ pè mí lálẹ́, ìdáhùn yín nìyí. Òótọ́ ni pé àwọn ìjọ ti ní yunifásítì. Ti Àpọ́sítélì Kristi wà ní Ìkẹ́jì-Arákẹ́jì, wọ́n fi orúkọ Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá pè é, 2006 ló gba ìwé àṣẹ. Ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, 1930 ni. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 76. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Wesley University lọ́hùn-ún ní Oǹdó, 2007. Gbogbo wọn ló lọ gba ìwé àṣẹ, gbogbo wọn ló jẹ́ kí NUC wá yẹ ilé wò, wá ka ìwé inú láíbùrárì. (Pé owó ilé-ìwé wọn kò jẹ́ kí ọmọ àwọn tó dáwó kọ́ ọ lè wọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má jẹ́ kí n kó méjì pọ̀.)

Wàyí o, ohun tó ń dùn mí gan-an ni mo fẹ́ sọ, mo sì ti rò ó títí bóyá kí n kọ ọ́ síbí. Mo gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó kàn, wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n má kàn dárúkọ.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ tí mo ń darí nígbà kan. Ọmọ dáadáa, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé wa. Ó fẹ́ di olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ilé-ìwé girama. Ìkéde kan dé ọwọ́ mi láti ilé-ẹ̀kọ́ kan, kì í ṣe ní ìpínlẹ̀ yìí, "international" wà nínú orúkọ rẹ̀, "seminary" wà nínú rẹ̀, àwòrán òyìnbó méjì nínú gáùn pupa wà lórí ìwé náà. Èmi ni mo ka ìkéde yẹn lórí pẹpẹ. Èmi ni mo gbé ọwọ́ lé fọ́ọ̀mù ọmọ náà lórí, mo gbàdúrà. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ kan tó wà ní ọ̀nà Ìkàrẹ́. Ọdún mẹ́rin. Wọ́n fún un ní B.A., wọ́n wọ gáùn fún un, a lọ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì ìjọ, a jó, a ya fọ́tò.

Ó lọ béèrè nípa agùnbánirọ̀, wọ́n ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn. Ó ní kò burú, òun á lọ ṣe máàsítàs. Akọ̀wé tó wà lórí kọ̀ǹpútà ní yunifásítì tó lọ wo ìwé rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Sista, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe JAMB." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn. Kò sunkún níwájú mi. Bàbá rẹ̀ ló wá bá mi ní ọ́fíìsì, wọn kò jókòó, wọ́n di fìlà wọn mú, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ṣé ìjọ náà lè purọ́ fún èèyàn báyìí?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì rí nǹkan sọ fún bàbá yẹn. Mo ní kí n dá díẹ̀ padà nínú owó náà, wọ́n kọ̀, wọ́n ní èmi kọ́ ni mo gbà á. Ọmọ náà padà lọ sí kọ́léèjì olùkọ́ni, ó gba NCE, ó ń kọ́ni báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin yẹn, ta ló máa dá a padà? Ìdí tí ọwọ́ mi kò fi gòkè nìyẹn. Mo ti fi ẹnu ara mi kéde irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ sì má rò pé àwa nìkan ni. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan láti ìwé ìròyìn Daily Nigerian kọ ìròyìn pé òun gba dìgírì láti Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun kò jókòó sí kíláàsì kankan. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ìjọba àpapọ̀ ní ní oṣù kìíní 2024 pé àwọn dá dìgírì láti Benin àti Tógò dúró ná. Ẹ wo àwọn ọmọ tó kàwé lóòótọ́ ní Kùtọnu, tí wọ́n fi òru ṣe ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà gbá wọn mọ́ ọn. Bí ìwé irọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó gba òótọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ara wa gbóná sí àwọn oní-Kùtọnu nígbà náà. Mo gbọ́ ìwàásù méjì lórí rẹ̀. Ṣé torí pé a ti ta òróró sí tiwa ni kò fi ní jẹ́ irú kan náà?

Ọ̀rọ̀ "Dókítà" yìí gan-an ni igi tó wà nídìí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Àwọn kan nínú wa fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí kí ilé-ẹ̀kọ́ náà lè fún àwa fúnra wa ní oyè. Ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ti yàn mí fún "Honorary Doctorate" nítorí iṣẹ́ ribiribi mi. Inú mi dùn, ẹ má purọ́, ara ni gbogbo wa. Mo ní èwo nínú iṣẹ́ mi ni wọ́n rí? Wọ́n ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ₦350,000 wá, gáùn wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin náà wà nínú rẹ̀. Mo rántí Símónì oṣó ní Samáríà, tó gbé owó síwájú Pétérù, mo sì pa fóònù.

Wọ́n fún Àjàyí Crowther náà ní oyè ọlá Dókítà, Oxford ló fún un, 1864, ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843, ó ti ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè tí ẹ fi ń gbàdúrà láàárọ̀ yìí, ó ti rin odò Ọya lọ rin ín bọ̀. Àwọn ni wọ́n wá a rí. Àwọn ọ̀gá yunifásítì wa ní Nàìjíríà sì ti ṣe ìpinnu ní Keffi láti 2012 pé ẹni tí a bá fi oyè ọlá dá lọ́lá kò gbọdọ̀ máa fi "Dr." síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ lọ wo pátákó ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìkàrẹ́ Junction títí dé Èmùrè-Ilé, kí ẹ ka "Dr." tó wà níbẹ̀ fún mi. Ní ti ẹni tó ní i lóòótọ́, Pásítọ̀ Adébóyè gba Ph.D. nínú ìṣirò ní Yunifásítì Èkó ní 1975, kí wọ́n tó di olórí ìjọ Ìràpadà. "Pásítọ̀" ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n sì ti fi gbogbo ìwé yẹn jókòó nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ Bàbá Akíndayọ̀mí, ọmọ Oǹdó tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń túmọ̀ ìwàásù fún wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn apá kejì ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi láti òkè wá. Ẹ rọra. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "Ẹ̀mí Mímọ́ ni olùkọ́ mi, ìwé ń pa ìfòróróyàn", ọ̀rọ̀ yín náà kò tọ́. Ẹ máa ń fi Bàbá Babalọlá ṣe ẹ̀rí, pé awakọ̀ kàtàpílà tó ń tẹ títì ni nígbà tí Olúwa pè é ní 1928, kò lọ sẹ́mínárì. Òótọ́ ni. Ṣé ẹ ti gbààwẹ̀ bíi tirẹ̀? Ìjọ tó jáde láti inú iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló sì lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn sílẹ̀, torí wọ́n rí i pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò gbọ́ ohùn lójú títì. Mósè kọ́ ọgbọ́n Íjíbítì. Pọ́ọ̀lù jókòó ti Gàmálíẹ́lì. Èmi náà kò bá ti máa wàásù irọ́ di òní nínú Ìfihàn bí kò bá jẹ́ bírò pupa olùkọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìgbà tí mo mọ̀ pé ìjọ nílò ẹ̀kọ́ jù. Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù kẹfà 2022. Gbogbo yín mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis níbí l'Ọ́wọ̀. Ó tó ogójì ènìyàn tó bá a lọ, àti ọmọdé àti àgbà, nínú ilé Ọlọ́run. Wọ́n ń kó àwọn tó fara pa lọ sí FMC, àwọn ará ìlú ń tò láti fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wà nínú ilé ọ̀fọ̀ kan, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìyá tó pàdánù ọmọ pé bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀ṣẹ̀ kan ló ṣí. Mo di apá rẹ̀ mú, mo mú un jáde. Dókítà ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bí a ṣe ń ka ìwé Jóòbù dé ibi tí Ọlọ́run ti bínú sí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, bí a ṣe ń dákẹ́. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí á fi owó àwọn ará kọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, mi ò sọ pé ká má ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà tí mo fẹ́ gbé síwájú ìpàdé nìyí. Yàrá mẹ́ta yẹn dára fún kíláàsì Bíbélì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti ọ̀sán Sátidé, ọdún méjì, ní èdè Yorùbá, kí àwọn díákónì àti àwọn ìyá ìjọ wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè bá wa kẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ẹ̀rí tí a bá fún wọn, ká kọ ohun tó jẹ́ sójú rẹ̀: ẹ̀rí pé wọ́n ka Bíbélì pẹ̀lú wa fún ọdún méjì. Àpólò tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ilé àwọn apàgọ́, Pírísílà àti Ákúílà, ni wọ́n ti tún ọ̀nà Olúwa ṣàlàyé fún un, kò sì sí gáùn níbẹ̀. Èkejì, dípò kí a gba ₦10,000 lórí kálukú, kí ẹni tó bá fẹ́ mú ohun tó bá ní wá, ká fi rán ọ̀dọ́ méjì lọ sí sẹ́mínárì tó ní ìfọwọ́sí lọ́dọọdún. Ní ọdún mẹ́wàá, a ó ní ogún. Nígbà náà, bí a bá fẹ́ dá sẹ́mínárì sílẹ̀, a ó ní olùkọ́ tiwa, a ó lè kan ilẹ̀kùn yunifásítì kan láìtijú. Àjọ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní ACTEA, tí àwọn ìjọ ajíhìnrere ní Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1976, iṣẹ́ wọn ni láti yẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn wò. Ká pè wọ́n kí wọ́n wá wo tiwa, kí wọ́n sọ òtítọ́ fún wa.

Ananáyà àti Sàfírà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kó gbogbo owó ilẹ̀ wá. Wọ́n lè mú ìdajì wá, kí wọ́n pè é ní ìdajì, Pétérù ì bá sì sọ fún wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n pe ìdajì ló pa wọ́n.

Ìpàdé náà tún ń bọ̀ ní Sátidé yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà mi, ojú ewé mẹ́rin, mo ti fún akọ̀wé agbègbè ní ẹ̀dà kan. Bàbá ọmọbìnrin yẹn ní àwọn á bá mi lọ, wọ́n á mú ìwé B.A. náà dání. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi wí kí ọjọ́ náà tó pé, mo wà nílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, àyàfi Ọjọ́rú tí a ní ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ẹ kàn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gọ́ọ̀lù iwájú kò ṣí dáadáa mọ́.